Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ lédè Ítálì: ẹ bá mi tú «lunedì a otto», «entro venerdì» àti «il sabato»

Àjọkẹ́_Padova

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Padova ni mo wà, iṣẹ́ títún yàrá ṣe ni mo ń ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì kan. Mo lè ka orúkọ ọjọ́ méjèèje láìwo ìwé: lunedì (Ajé), martedì (Ìṣẹ́gun), mercoledì (Ọjọ́rú), giovedì (Ọjọ́bọ̀), venerdì (Ẹtì), sabato (Àbámẹ́ta), domenica (Àìkú). Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń so mọ́ ọn ló ń dà mí láàmú. Ẹ wo ohun tí ọ̀gá wa obìnrin kọ sí mi láàárọ̀ òní, Túsìdeè, ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún:

«Ciao, questa settimana riposi giovedì. Cominci il turno di mattina lunedì a otto, il sabato lavori a settimane alterne. I documenti me li porti entro venerdì. Ci sentiamo in settimana.»

Ṣé Mọ́ńdè, aago mẹ́jọ, ni kí n dé ibi iṣẹ́ ni? Kí ni «entro»? Ṣé gbogbo Sátidé ni mo máa ṣiṣẹ́ àbí ọ̀kan ṣoṣo? N kò fẹ́ dá a lóhùn kí n tó mọ ohun tó sọ gan-an. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín.

Ìyá Ìbejì Brescia

Àjọkẹ́, ọmọ mi, ó dára tí o kọ́kọ́ béèrè. Kì í ṣe aago mẹ́jọ. Ká ní aago ni, «alle otto» ni ì bá kọ. «Lunedì alle otto» ni Mọ́ńdè, aago mẹ́jọ. Èyí tó kọ yìí, «lunedì a otto», Mọ́ńdè tó máa tẹ̀ lé Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni. Mọ́ńdè tó ń bọ̀ jẹ́ ọjọ́ 11. Wá kà á bí àwọn ìyá wa ṣe ń ka ọjọ́, kí o ka ọjọ́ 11 fúnra rẹ̀ mọ́ ọn: ọjọ́ 11 ni oókan, ọjọ́ 12 ni eéjì, ọjọ́ 13 ni ẹẹ́ta, máa bá a lọ. Tí o bá dé ẹẹ́jọ, ọjọ́ 18 lo máa bọ́ sí, Mọ́ńdè náà sì ni. Ọjọ́ 18 ni o máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àárọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ àlejò ti ń ṣìnà nìyí, kò sì yẹ kó ṣòro fún ọmọ Yorùbá rárá. Ọmọ tí a bá bí ní Mọ́ńdè, Mọ́ńdè la ń sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ kẹjọ la sì ń pè é. Ọjọ́ tí a bí i wà nínú ìṣirò. Ọjà ọrún náà bẹ́ẹ̀: ọjọ́ tí a ná an la fi ń ka oókan, tí ọjọ́ ọjà mìíràn á fi jẹ́ ìkarùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta péré ló wà láàárín méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ará Ítálì ń kà á ní ibi mélòó kan nínú èdè wọn. «Oggi a otto» ni ìwòyí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. «Domenica a otto» ni Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé èyí tó ń bọ̀. Wọ́n tún ń pe ọ̀sẹ̀ méjì ní «quindici giorni», ọjọ́ 15, nítorí wọ́n ka òní mọ́ ọn. Bí dókítà bá sọ fún yín ní Wẹ́sìdeè pé «torni fra quindici giorni», Wẹ́sìdeè ló ní kí ẹ padà wá. Ẹ má lọ fi ìka ka ọjọ́ 15 láti ọ̀la kí ẹ wá yọjú ní Tọ́sìdeè.

Àkànní Torino

Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ jẹ́ kí n gba «entro» ṣe, torí ilé ẹrù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ sì ni mò ń rí ọ̀rọ̀ yẹn lórí pátákó.

«Entro venerdì»: kí Fúráìdeè má kọjá. Ìgbàkigbà láti ìsinsìnyí títí Fúráìdeè fi máa parí, o lè mú àwọn ìwé («i documenti») tó ní kí o mú wá náà wá. Ọjọ́ tí wọ́n dá wà nínú rẹ̀. Tí o bá rí «entro e non oltre venerdì 8 maggio» lórí ìwé ọ́fíìsì, pàápàá ìwé questura (ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwé ìgbélùú) tàbí ti ilé ẹ̀kọ́, kò sí ẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn.

Má dà á pọ̀ mọ́ «fra» tàbí «tra» (bákan náà ni àwọn méjèèjì). «Fra tre giorni» kò túmọ̀ sí pé kí ọjọ́ mẹ́ta má kọjá. Ó túmọ̀ sí pé ọjọ́ mẹ́ta á kọjá kí nǹkan náà tó ṣẹlẹ̀. Tí ọ̀gá bá ní «finisci entro tre giorni», o lè parí ẹ̀ lọ́la. Tí ó bá ní «il camion arriva fra tre giorni», má retí ọkọ̀ ẹrù lọ́la.

Àwọn yòókù kò le. «Da lunedì»: láti Mọ́ńdè lọ. «Fino a venerdì»: títí di Fúráìdeè. «Dal lunedì al venerdì»: láti Mọ́ńdè sí Fúráìdeè, bẹ́ẹ̀ ni lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí ni ẹ máa rí lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ọ́fíìsì, wọ́n sì máa ń gé orúkọ ọjọ́ kúrú sí lun, mar, mer, gio, ven, sab, dom. Ẹ ṣọ́ra fún «mar» àti «mer» tí ìwé bá ti ṣá. Ìyàtọ̀ lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà láàárín ọjọ́ tí dókítà ń gba aláìsàn àti ọjọ́ tí kò gbà.

Àbúrò mi, bí o bá ní àyè lọ́la Wẹ́sìdeè, mú ìwé yẹn lọ lọ́la. O ò ní sí níbi iṣẹ́ ní Tọ́sìdeè, torí «riposi giovedì» ni pé o máa sinmi lọ́jọ́ yẹn, ìwé tí èèyàn sì fi sílẹ̀ di ọ̀sán Fúráìdeè lè má bá ẹni tó máa gbà á.

Tíṣà Èdè

Ẹ kú ìjókòó, gbogbo ilé. Èdè Ítálì ni mo ń kọ́ àwọn àgbàlagbà, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan tó ń fa wàhálà ju orúkọ ọjọ́ lọ: «il».

Ẹ tún àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn kà. Ọ̀gá kọ «giovedì» lásán, ó sì kọ «il sabato». Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Bí orúkọ ọjọ́ bá dá dúró, ọjọ́ kan pàtó ni, ẹ̀ẹ̀kan péré. «Lavoro sabato»: mo máa ṣiṣẹ́ ní Sátidé yìí. Bí «il» bá wà níwájú rẹ̀, ó ti di àṣà: «lavoro il sabato», Sátidé-Sátidé ni mo máa ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ìsinmi Àjọkẹ́ ní Tọ́sìdeè jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí nìkan. Ọ̀rọ̀ Sátidé ní tirẹ̀ jẹ́ ètò tí yóò máa bá a lọ, àfi pé «a settimane alterne» dín in kù sí ọ̀sẹ̀ kan bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ kan bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n tún lè sọ ọ́ báyìí: «un sabato sì e uno no».

Ó lè ná èèyàn ní nǹkan o. Ẹni tó bá sọ fún ọ̀gá pé «non posso lavorare la domenica» ti sọ pé òun kò lè ṣiṣẹ́ ní Sọ́ńdè kankan. Bó bá jẹ́ pé Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí nìkan ni ìkómọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ́ sí, «domenica non posso» ló yẹ kó sọ, tàbí «questa domenica non posso». Ọ̀gá tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ lè máa fi ẹlòmíràn sí Sọ́ńdè láti ìgbà náà lọ, owó tí wọ́n ń fi kún iṣẹ́ Sọ́ńdè á sì fò ó ru.

Ọ̀nà mìíràn láti sọ «gbogbo Mọ́ńdè»: «ogni lunedì», «tutti i lunedì», «di lunedì». Ẹ rí i pé lẹ́yìn «ogni», ọjọ́ kan ṣoṣo la ń dárúkọ, lẹ́yìn «tutti i» sì rèé, ọ̀pọ̀ ni. Àwọn márùn-ún tó parí sí «dì» kì í yí padà tí wọ́n bá di púpọ̀: il lunedì, i lunedì. Sabato á di i sabati. Domenica nìkan ni wọ́n kà sí abo nínú méjèèje, nítorí náà «la domenica», «tutte le domeniche». Ẹ má sì fi «in» tàbí «su» sí iwájú ọjọ́ o. «Arrivo martedì» ti tó: ní Túsìdeè ni mo máa dé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Roma

Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan. Àmì tó wà lórí «ì» nínú lunedì, ohùn ìsàlẹ̀ ni mo máa ń kà á sí bí mo ṣe kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n tí àwọn ará ibí bá sọ ọ́, ó jọ pé ohùn wọn ń gòkè ni.

Tíṣà Èdè

Etí rẹ kò tàn ọ́. Lójú wa, àmì yẹn jọ dò. Lédè Ítálì, iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe: ó ń sọ pé ibẹ̀ ni kí agbára ohùn wà. Bí ẹ bá fẹ́ kó dún dáadáa lẹ́nu yín, ẹ pè é bí ẹni pé mí ló wà níbẹ̀: lu-ne-DÍ, mar-te-DÍ, mer-co-le-DÍ, gio-ve-DÍ, ve-ner-DÍ. Sabato àti domenica kò ní àmì, ibi tí ohùn wọn sì ti ń le yàtọ̀: SÁ-ba-to, do-MÉ-ni-ca. Bí ẹ bá ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ẹ má yọ àmì náà kúrò, àṣìkọ ni «lunedi» láìní i. Lẹ́tà kékeré sì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọjọ́, àfi bó bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn.

Ohùn «v» inú giovedì àti venerdì kò sí lédè wa, ọ̀pọ̀ wa sì ń pè é ní «f». Ẹ gbé eyín òkè lé ètè ìsàlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pe «f», kí ẹ wá jẹ́ kí ọ̀fun máa kùn. Ẹ fi ìka kan ọ̀fun yín: tó bá ń gbọ̀n, «v» ti jáde nìyẹn.

«Dì» yìí gan-an, ọjọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Lunedì jẹ́ ọjọ́ òṣùpá, nítorí luna ni òṣùpá. Àwọn mẹ́rin tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti àwọn òrìṣà Róòmù àtijọ́: Marte, Mercurio, Giove, Venere. Sabato wá láti ọjọ́ ìsinmi àwọn Júù, domenica sì jẹ́ ọjọ́ Olúwa. Ẹ ó tún pàdé «dì» lára ìwé oògùn: «una compressa tre volte al dì», oògùn oníhóró kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bí dókítà bá kọ «a giorni alterni», ẹ lo tòní, ẹ fo tọ̀la, kí ẹ lo tọ̀túnla. «Due volte a settimana» ni ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ìwé oògùn kì í ṣe ohun tí à ń méfò lé lórí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ apoògùn kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀.

Alfa Bologna

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Fún àwa tí ọ̀rọ̀ Jímọ̀ kàn, gbólóhùn kan wà tí mo máa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa kí wọ́n tó lọ bá ọ̀gá: «Il venerdì posso fare la pausa dalle 13 alle 14.30? Recupero la sera.» Ìyẹn ni pé, ṣé mo lè gba ìsinmi láàárín aago kan sí aago kan ààbọ̀ kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní gbogbo Fúráìdeè, màá fi ìrọ̀lẹ́ dí i. Ẹ rí i pé «il» wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ọ̀gá á rò pé ọ̀sẹ̀ yìí nìkan ni, á sì di ìbéèrè tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má fi ẹnu sọ ọ́ nìkan. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti sún aago síwájú títí di ìparí oṣù Kẹwàá, ẹ̀yìn aago kan ni ìrun ń bọ́ sí. Lásìkò òtútù, ó máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tún wákàtí náà ṣe nígbà náà.

Tíṣà Èdè

Alfa, ẹ ṣeun gan-an. Fún àǹfààní ẹni tó máa ka ibí: 14.30 ni aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán. Wákàtí 24 ni wọ́n ń lò níhìn-ín nínú ìwé.

Alfa Bologna

Òótọ́ ni, aago kan sí aago méjì ààbọ̀. Ẹ ṣeun, Tíṣà.

Àkànní Torino

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: «prossimo». «La settimana prossima» ni ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, «la settimana scorsa» ni ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. «Venerdì scorso» náà yé gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n tí a bá wà ní Túsìdeè, tí ẹnìkan sọ pé «venerdì prossimo», Fúráìdeè wo ni? Tèmi ni pé Fúráìdeè tó kọ́kọ́ dé ni, nítorí «prossimo» ni èyí tó sún mọ́ ọn jù.

Ìyá Ìbejì Brescia

Àkànní, bí ìwé ṣe lè sọ ọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ní Brescia níbí, bí wọ́n bá ní Fúráìdeè ọ̀sẹ̀ yìí lọ́kàn, «venerdì» lásán tàbí «questo venerdì» ni wọ́n máa sọ. Ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń pè ní «venerdì prossimo». Ilé àgbàlagbà kan ni mo ti ń tọ́jú màmá arúgbó, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ọmọ ìyá kan náà, kò fẹnu kò lórí ẹ̀. Ọ̀kan á ní òun ń bọ̀ «sabato prossimo», èkejì á máa retí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

Ohun tí mo ń ṣe ni pé mi ò kì í gba orúkọ ọjọ́ láìsí iye rẹ̀. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, mo máa dá a padà fún wọn pẹ̀lú déètì: «Venerdì prossimo, cioè venerdì 15?» Wọn á ní «sì» tàbí «no, questo, l'8». Kò sí ẹni tó ń bínú sí i. Wọ́n á tilẹ̀ rò pé o jẹ́ ẹni tó mú iṣẹ́ ní pàtàkì. Tí o bá sì fẹ́ sọ ọ́ kó má sí iyèméjì: «venerdì di questa settimana» tàbí «venerdì della settimana prossima».

Àkànní Torino

Mo gbà bẹ́ẹ̀, Mà. Déètì ló ń parí ìjà. Kí n fi kún un pé fún déètì, «il primo» nìkan ló ní ìpè tirẹ̀: «il primo maggio». Láti ọjọ́ kejì lọ, iye lásán ni: il due, il tre, il diciotto. Bí ẹnìkan bá bi yín pé «quanti ne abbiamo oggi?», déètì ló ń béèrè, kì í ṣe iye nǹkan tó wà lọ́wọ́ yín. Orúkọ ọjọ́ ni «che giorno è oggi?».

Ẹ̀yin tó ń ṣe iṣẹ́ òru, ẹ tún gbọ́ eléyìí. «Sabato notte» jẹ́ òru tó bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ Sátidé tó sì mọ́ Sọ́ńdè. Bí òru bá ti kọjá aago méjìlá, ẹlòmíràn lè máa pè é ní domenica nítorí déètì ti yí. Bí wọ́n bá fi yín sí iṣẹ́ ní «sabato notte», ẹ béèrè: «la notte tra sabato e domenica?» Bí ìkéde ojú ọ̀nà àti ti ọkọ̀ ojú irin ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè ṣì í gbọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Roma

Èmi ń fi bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí gbogbo àlejò kọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni «feriale» àti «festivo». «Ferie» ni ìsinmi tí èèyàn ń gbà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ ló ń rò pé «feriale» ni ọjọ́ ìsinmi. Òdì kejì rẹ̀ ni! «Giorno feriale» ni ọjọ́ iṣẹ́, Sátidé sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. «Giorno festivo» ni Sọ́ńdè àti ọjọ́ ọdún. Lórí ìwé àkókò ọkọ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ «feriale» sí fún Mọ́ńdè sí Sátidé. Tí wọ́n bá ya Sátidé sọ́tọ̀, wọ́n á kọ «sabato» tàbí «feriale escluso sabato», ìyẹn ni pé Sátidé kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin onímọ́tò, àmì pátákó ìgbọ́kọ̀sí náà ń sọ̀rọ̀ kan náà. Òòlù méjì tó dábùú ara wọn ni feriale, àgbélébùú ni festivo. Bí ẹ bá rí òòlù méjì lókè «8-20», ẹ san owó láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́jọ alẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́, Sátidé pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì náà ń bẹ. «Sciopero» ni wọ́n ń pè é, Fúráìdeè ni wọ́n sì sábà máa ń fi í sí. Àwọn ọkọ̀ ojú irin agbègbè ní wákàtí tí wọ́n fi ọwọ́ sọ̀yà rẹ̀, «fasce di garanzia»: aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án àárọ̀ àti aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án alẹ́, «nei giorni feriali». Ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn wò: feriali. Tí ìyanṣẹ́lódì bá bọ́ sí Sọ́ńdè, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé wákàtí yẹn.

Ìyá Ìbejì Brescia

Ẹ má gbàgbé ìdọ̀tí o. Kálẹ́ńdà ìdọ̀tí ló kọ́ mi ní ọjọ́ Ítálì ju ìwé kíkà lọ. Wọ́n á kọ ọ́ báyìí: «umido: lunedì e giovedì, carta: martedì, plastica: mercoledì, vetro: venerdì, esporre la sera prima». Umido ni èèpo àti àjẹkù oúnjẹ, carta ni ìwé, plastica ni ike, vetro ni ìgò. «La sera prima» ni alẹ́ tó ṣáájú. Umido tí wọ́n ń kó ní Mọ́ńdè, alẹ́ Sọ́ńdè ni ẹ máa gbé e síta. Ẹni tó bá gbé e jáde ní alẹ́ Mọ́ńdè, níwájú ilé ló máa rà sí títí di Tọ́sìdeè, owó ìtanràn sì ń bẹ ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní kálẹ́ńdà tirẹ̀, kódà àdúgbò kan lè yàtọ̀ sí èkejì, ẹ gba ti yín ní comune, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀.

Àjọkẹ́_Padova

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà mi. Mo ti kọ èsì, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fi ránṣẹ́:

«Buongiorno, ho capito. Questa settimana riposo giovedì. Il turno di mattina comincio lunedì 18. Il primo sabato è il 23 maggio? I documenti porto domani, mercoledì. Grazie.»

Tíṣà Èdè

Ó yé kedere, àwọn ọjọ́ náà pé. Nǹkan kékeré ni mo fẹ́ kí o fi kún un: «il turno di mattina lo comincio lunedì 18» àti «i documenti li porto domani». Nígbà tí o ti gbé ohun tí ò ń sọ nípa rẹ̀ síwájú, «lo» àti «li» ń tún un mú níwájú ọ̀rọ̀ ìṣe. Fi ránṣẹ́.

Nípa «ci sentiamo in settimana»: a óò gbọ́ra wa láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Kò dá ọjọ́. Kì í ṣe àdéhùn pàtó, ẹ má jókòó ti fóònù nítorí ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe pàtàkì, ìwọ ni kí o pè.

Àjọkẹ́_Padova

Ó ti dáhùn: «Sì, esatto, sabato 23. Brava.» Ọkàn mi balẹ̀. Mo tún fẹ́ béèrè: òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ń sọ pé òun máa «fare il ponte» ní oṣù tó ń bọ̀. Afárá kẹ̀?

Àkànní Torino

Afárá ni lóòótọ́. Tí ọjọ́ ọdún bá bọ́ sí Túsìdeè tàbí Tọ́sìdeè, wọ́n á gba ọjọ́ kan tó wà láàárín rẹ̀ àti òpin ọ̀sẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ni Festa della Repubblica, Túsìdeè ló sì bọ́ sí lọ́tẹ̀ yìí, nítorí náà ẹlẹgbẹ́ rẹ fẹ́ gba Mọ́ńdè ọjọ́ 1. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe sí ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin, ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá àti ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó lọ sí ọ́fíìsì kankan ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mọ́ńdè lẹ́yìn Àjíǹde, tí wọ́n ń pè ní Pasquetta, jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Ṣùgbọ́n Fúráìdeè ṣáájú rẹ̀, venerdì santo, iṣẹ́ ń lọ ní Ítálì. Kò dà bí ilé. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí ìsìn ọjọ́ yẹn gbọ́dọ̀ tọrọ àyè.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Roma

Mọ́ńdè ní ìwà tirẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ onígbàjámọ̀ kì í ṣí ní Mọ́ńdè, ọ̀pọ̀ ilé àfihàn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé náà bẹ́ẹ̀. «Chiuso il lunedì», ẹ tún rí «il» níbẹ̀. Bí ẹ bá rí «chiuso lunedì» láìní «il», ó lè jẹ́ Mọ́ńdè yìí nìkan. Fún ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ jáde láìnáwó, àwọn ilé àfihàn ti ìjọba kì í gba owó ìwọlé ní «la prima domenica del mese», Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù.

Àkànní Torino

Ní Torino níbí, irú ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n fi ń kéde ọjà Gran Balôn: «ogni seconda domenica del mese», Sọ́ńdè kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan. Ọjà nǹkan àlòkù ni, lẹ́yìn Porta Palazzo, ọjà ńlá ìlú yìí. Ẹ lè rí àga, ìkòkò àti aṣọ òtútù rà níbẹ̀ ní owó tó mọ níwọ̀n.

Ìyá Ìbejì Brescia

Kí n sọ ti ìkíni, torí ẹ̀yin ọmọdé kì í fẹ́ kí èèyàn. Fúráìdeè, bí ẹ bá ń kúrò níbi iṣẹ́: «buon fine settimana» tàbí «buon weekend». Sátidé àti Sọ́ńdè: «buona domenica». Mọ́ńdè: «buona settimana». Bí ẹ ó bá tún ríra ní ọjọ́ kan, orúkọ ọjọ́ yẹn náà ti di ìkíni: «a lunedì!», ó di Mọ́ńdè. «A domani», ó dàárọ̀. Ẹni tó bá ń kí àwọn ará ilé tó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, wọ́n á fẹ́ràn rẹ̀. Ilé tí mo wà, màmá arúgbó yẹn kì í jẹ́ kí n lọ ní Sátidé láìsọ «buona domenica» fún mi lẹ́ẹ̀mejì.

Àbẹ̀kẹ́ Verona

Ẹ kú ọgbọ́n o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka gbogbo rẹ̀ tán ni. Ọmọ mi máa wọ ilé ẹ̀kọ́ ní oṣù Kẹsàn-án. Fọ́ọ̀mù ń bi mí pé ṣé «settimana corta» ni mo fẹ́. Ọ̀sẹ̀ kúkúrú báwo?

Tíṣà Èdè

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Ítálì ń kọ́ ọmọ ní Sátidé, láti Mọ́ńdè títí dé Sátidé. «Settimana corta» ni ètò Mọ́ńdè sí Fúráìdeè, wákàtí ojoojúmọ́ á wá gùn díẹ̀ kí iye rẹ̀ lè pé. Kí ẹ tó mú èyí tó wù yín, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè méjì: «A che ora escono?» (aago mélòó ni wọ́n ń jáde?) àti «C'è il rientro pomeridiano, e in quali giorni?» (ṣé wọ́n ń padà wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́sàn-án, ọjọ́ wo sì ni?). Bí wọ́n bá dáhùn pé «il martedì e il giovedì», Túsìdeè àti Tọ́sìdeè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, kí ẹ ti mọ ẹni tí yóò máa lọ mú ọmọ ní ọjọ́ méjèèjì.